Ìka Mẹ́tàlá ní Ẹsẹ̀ Kọkànlélógójì

"Ìyàwó mi, páìpù yìí ti fẹ́ gun ọkọ rẹ lórí o."

Ìbíwùmí gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ń mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ páìpù, tí ó ń wọn ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Ogójì ló ti wọ̀n. Ẹ̀yìn ń ro ó, orúnkún ń ro ó, gíríìsì ti kún inú èékánná rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù kó padà sínú àpáta, Ẹsẹ̀ Kọkànlélógójì. Òun náà ló máa ń gbẹ̀yìn nígbà gbogbo.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá Ọlágbèmí jókòó sórí sàréè ọmọ rẹ̀ lábẹ́ páìpù, ó fi ìborùn funfun bo orí, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń wá. Yóò kí ọmọ rẹ̀ pé, "Ọlágbèmí, ṣé o jí dáadáa?" Yóò dúró títí páìpù yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn, yóò sì gbọn aṣọ rẹ̀ padà sílé kí oòrùn tó le.

Ìrìn ni mo wí. Ẹni tí kò bá gbé Abẹ́-Àpáta rí yóò rò pé mò ń pa àlọ́. Irin gígùn yẹn, tó gba orí òkè àti àfonífojì kọjá láti Pápá Dígí wá sí ìlú, kì í dúró sójú kan. Lóru ó tutù, ó sún kì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn dígí á gbójú sókè, wọ́n á kó oòrùn jọ, wọ́n á fi se omi. Ooru omi náà á rọ́ wọ inú páìpù, á máa bọ̀ wá yí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ihò tí gbogbo ìlú ń gbé. Irin tó bá gbóná gbọ́dọ̀ na ara, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi dè é mọ́lẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ tó gbé e dúró ní bàtà irin, bàtà náà sì jókòó sórí àwo tí wọ́n fi gíríìsì pa, kí ó lè yọ̀ lọ láàárọ̀, kí ó sì yọ̀ padà nírọ̀lẹ́. Ìka ni wọ́n fi ń wọn ìrìn rẹ̀, ìka náà ni ìlú fi ń mọ àsìkò. Ní ìka kan, ọmọ ti gbọ́dọ̀ wà nílé ìwé. Ní ìka mẹ́ta, ẹni tó bá wà níta kó yáa wọlé. Tó bá fi máa di ìka mẹ́fà, tí páìpù rìn dé òpin ìrìn rẹ̀, adìyẹ pàápàá kì í jẹ̀ níta.

"Màmá, páìpù kì í gun ènìyàn," Ìbíwùmí dáhùn láìgbójú sókè. "Ìka mẹ́tàlá ló wà láàárín bàtà àti sàréè. Oṣooṣù ni mò ń kọ ọ́ sínú ìwé."

"Mo mọ̀ pé ò ń kọ ọ́. Ìgbà wo lo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn?"

Ìbíwùmí tún gíríìsì pa sórí àwo tí ó ti pa tẹ́lẹ̀.

"Mo kàn ń bi ọ́ ni," ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Nígbà tí a sin ín, gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló máa ń wọ àárín yìí tí mo bá jókòó. Wò ó lónìí, ìbú rẹ̀ ni mo fi ń wọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò sì gùn sí i láti ìgbà náà, àfi tí arúgbó bá tún ń dàgbà."

Ìbíwùmí wò ó. Òótọ́ ni. Ìyá náà ti dábùú ẹsẹ̀ sí àlàfo náà pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀, àyè tó sì kù kò ju díẹ̀ lọ.

Ó kúnlẹ̀. Ó to ìka ọwọ́ ọ̀tún mẹ́rin sí àárín bàtà irin àti sìmẹ́ǹtì, ó fi ti ọwọ́ òsì tẹ̀lé e. Márùn-ún, mẹ́fà, méje. Ìka kẹjọ kọ̀, kò wọlé. Ó yọ ọwọ́, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó tún un tò. Méje.

"Yéè! Mo gbé!" Igbe náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ìbíwùmí kò fi ọwọ́ kan àlàfo yẹn. Ibẹ̀ ni ojú ìsopọ̀ páìpù ti ya lọ́jọ́ kan, tí ooru omi bo ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tí òun wà ní ẹsẹ̀ kejì sí i tí ó ń pa gíríìsì. Ó gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ páìpù, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó kú sí ni wọ́n ń sin ín sí, kí páìpù lè máa kí i láràárọ̀. Bí wọ́n ṣe sin Ọlágbèmí nìyẹn. Wọ́n fi ìka mẹ́tàlá sílẹ̀, ìka mẹ́fà péré ni páìpù sì ń rìn, ta ni yóò tún máa da ara rẹ̀ láàmú? Tí Ìbíwùmí bá ti dé ibẹ̀ lóṣooṣù, yóò gbójú sá, yóò kọ mẹ́tàlá, yóò kọjá.

Kò ronú kan sìmẹ́ǹtì rárá. Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ikú náà, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ á po sìmẹ́ǹtì, wọ́n á rẹ́ sàréè náà yíká, wọ́n á sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn kó tó gbẹ. Gbogbo ilé tó ní òkú lábẹ́ páìpù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sàréè tí oòrùn bá là, wọ́n ní oòrùn ti pa ẹni inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìpele kan lọ́dún, ó nípọn tó ìka kan. Ọdún mẹ́fà, ìka mẹ́fà. Ìfẹ́ ni àwọn méjèèjì fi ń dí ọ̀nà páìpù láti ọdún mẹ́fà yìí wá, wọn kò sì mọ̀.

Ohùn kan sọ lójijì láti ara ẹsẹ̀ náà. Etí ni, ẹ̀rọ kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ìgbín, tó ń gbọ́, tó sì ń fèsì tí ọ̀gá bá pè tàbí tí olùṣọ́ bá fi ọwọ́ gbá a. Ohun tí ẹnì kan bá sọ sí i, gbogbo ìlà ló ń gbọ́.

"Ẹsẹ̀ Kọkànlélógójì." Ọ̀gá Bámgbàdé ni, olórí àwọn olùṣọ́ páìpù. "Ìbíwùmí, ìwọ nìkan là ń dúró dè. Dígí tuntun máa ṣí ní ìka mẹ́ta. Ìka mọ́kànlá ni páìpù máa rìn lónìí, kì í ṣe mẹ́fà mọ́. Àlàfo tìrẹ ńkọ́?"

"Mẹ́tàlá, Ọ̀gá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun la ẹnu. Ọdún mẹ́fà ti kọ́ ahọ́n rẹ̀.

"Mẹ́tàlá. A ti gbà á," Etí wí. Iná aláwọ̀ ewé tàn lára rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ìyá Ọlágbèmí wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó tún wo àlàfo náà.

Ìbíwùmí ṣírò ó. Méje ló wà níbẹ̀, mọ́kànlá ni páìpù ń bọ̀ wá rìn. Tó bá rìn dé ìka méje, bàtà á kan sàréè, irin ò sì mọ ẹ̀bẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti ráyè na ara síwájú, á wú sókè bí ẹ̀yìn ológbò tó bínú, ojú ìsopọ̀ á ya, ooru omi á tú jáde. Ẹnu Ihò Ìsàlẹ̀ sì rèé lọ́hùn-ún yẹn, kò tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ àti àwọn arúgbó ló ń gbé ibẹ̀. Nítorí tiwọn ni wọ́n tilẹ̀ ṣe fẹ́ ṣí dígí tuntun, kí ẹ̀rọ kejì lè máa fẹ́ atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ọmọ ọwọ́ mẹ́ta ni ooru pa níbẹ̀.

Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí àmì omi wà, ilà dúdú mẹ́ta tí ẹ̀rọ omi máa ń kà kí ó tó tú omi sílẹ̀ fún ènìyàn. Olùṣọ́ tó bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ páìpù dí, oṣù mẹ́ta ni àmì rẹ̀ yóò fi parẹ́. Òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni má fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lómi mu o. Ó kàn mọ̀ pé ìwọ̀n ẹnì kan kì í tó ẹni méjì.

"Màmá," ó wí. "A ní láti fọ́ ọ."

"Fọ́ kí ni?"

"Gbogbo èyí tí a fi rẹ́ ẹ. Ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí páìpù tó rìn ìka mẹ́ta."

Ìyá náà dìde lórí sàréè. Kò tètè dìde bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ìbíwùmí!" Kì í pe orúkọ rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, "ìyàwó mi" ló ń pè é. "Ṣé ojú mi báyìí lo ti máa gbé òòlù lé ilé ọmọ mi? Ooru ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Omi tó bó o lára ló fi wẹ̀ kẹ́yìn láyé. Ibi tútù kan ṣoṣo tí mo lè ṣe fún un rèé, o sì ní kí n ṣí aṣọ lára rẹ̀ fún oòrùn. Wọ́n ń wọn omi mímu fún wa, wọ́n ń wọn omi ìwẹ̀, omi ojú nìkan ni wọn ò tíì máa wọ̀n, mo sì ti sun tèmi tán síbí. Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá." Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ṣì wà, kò mọ̀gbà tí ó di ọwọ́ méjèèjì mú mọ́ ẹsẹ̀ ìyá náà. "Èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ̀yin kọ́. Ká ní mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, à bá ti mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá ti fẹ́ na ọwọ́ síbẹ̀, igbe rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n tí páìpù yìí bá ya lónìí, Ihò Ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Bí ọkọ mi ṣe kú ni àwọn ọmọ yẹn máa kú."

Ìyá Ọlágbèmí yíjú sí ẹnu ihò náà. Aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lórí okùn níbẹ̀, ẹnì kan ń kó wọn wọlé kíákíá kí oòrùn tó dé.

"Mẹ́ta ló kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbí?"

"Mẹ́ta ni, Màmá."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tún un dì mọ́ ìbàdí.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó wí níkẹyìn, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mú òòlù inú àpò iṣẹ́ rẹ wá. Èmi tí mo bí i ni n ó kọ́kọ́ kàn án."

Ó gbé òòlù náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ọlágbèmí, má bínú. Ìyá rẹ ni." Òòlù àkọ́kọ́ yọ̀ dànù. Ìkejì dún. Ìkẹta la sìmẹ́ǹtì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyá náà sì gbé òòlù fún Ìbíwùmí, ó kọjú sí ibòmíràn.

Bí ó ṣe ń fọ́ ọ ni ó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ìpele kan lórí èkejì. Lára ìpele kọ̀ọ̀kan, àtẹ́lẹwọ́ méjì wà, ti ìyá àti ti ìyàwó. Ti èṣí ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ ìyá náà ti gbọ̀n lọ́jọ́ náà, ojú ìka rẹ̀ fẹ́ jọ ti ẹni méjì. Ti ọdún kẹta jinlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fi ìbínú ti ilẹ̀kùn. Kí wọ́n tó gbé èyíkéyìí sí ẹ̀gbẹ́, ìyá náà á kọ́kọ́ ki ọwọ́ sí ojú ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́, á dúró díẹ̀. Ìbíwùmí fẹ́ sọ pé kó ṣe kíá. Ó fi òòlù sílẹ̀ títí ó fi ṣe tán.

Páìpù sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ké tín-ín-rín bí ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra ṣí, bàtà náà sì yọ̀ síwájú lórí gíríìsì. Ìka kan. Aago ilé ìwé dún nínú àpáta. Òógùn ń wọ Ìbíwùmí lójú, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, kò dúró. Ìpele kẹta, ìkẹrin. Ìkarùn-ún le bí òkúta, wọ́n jọ fi irin ṣóńṣó tì í ni. Nígbà tí ìkẹfà ṣí, tí ó kan sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi sin ọkọ rẹ̀ gan-an, ó rí ohun tó mú kó jókòó sílẹ̀.

Ilà mẹ́tàlá ni. Ẹni tó ṣe sàréè náà ti fi irin fa wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tààrà, lẹ́sẹẹsẹ, níwájú bàtà, kí olùṣọ́ má bàa gbàgbé iye àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọdún kìíní ni àwọn méjèèjì ti fi sìmẹ́ǹtì àti ẹkún bò ó.

Ó to ìka sí àlàfo náà. Kò yí ojú sí ibì kankan lọ́tẹ̀ yìí. Mọ́kànlá. Páìpù ti rìn méjì. Méjì àti mọ́kànlá, mẹ́tàlá.

"Ó pé, Màmá," ó wí. "Ó pé!"

"Ọlọ́run ṣeun." Ìyá náà ń mí gúlegúle. "Ó yá, kó wọn jọ, ká máa lọ. Kò sẹ́ni tó rí wa."

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó rí wọn. Mẹ́tàlá ló wà nínú ìwé, mẹ́tàlá ló wà nílẹ̀. Irọ́ ọdún mẹ́fà ti di òótọ́ láàárín ìka kan àti ìka méjì, àmì omi sì wà níbi tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ìbíwùmí kó òòlù sápò. Ó gbé ìpele tó gbẹ̀yìn, ó gbé e lé èjìká, ó sì yíjú sí ọ̀nà ilé.

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ṣèèṣì bá ìlà páìpù náà lọ. Ó ń dán lọ lórí òkè, ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ sì ni nǹkan funfun wà níbi kan, ó tún wà níbòmíràn. Sàréè ni. Mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn. Gbogbo wọn funfun mọ́, wọ́n tóbi, wọ́n dán, nítorí pé kò sí ilé tó máa fẹ́ kí oòrùn la sàréè ẹni tirẹ̀. Ó rántí Ọ̀jẹ́wálé tó ń ṣọ́ Ẹsẹ̀ Kejìdínlọ́gọ́ta, tí ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún méje. Ọkùnrin náà ti sọ fún un rí, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé òun kì í fi ọwọ́ kan àlàfo ibẹ̀, òun ò fẹ́ dí obìnrin náà lójú oorun.

Ìpele náà bọ́ lórí èjìká rẹ̀, ó fọ́.

"Kí ló dé?" ìyá ọkọ rẹ̀ bi í.

"Màmá, ta ni nínú wa tó ń wọn ibi tí òkú rẹ̀ wà?"

Ìyá náà tẹ̀lé ojú rẹ̀, ó rí ohun tó rí. Ó yé e kíá, àgbà ni.

"Tí o bá pè wọ́n, wọ́n á bi ọ́ bí o ṣe mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Omi rẹ á tán."

"Mo mọ̀, Màmá."

Etí gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu: "Ìka méjì àti ààbọ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ ti jẹ́rìí. Ẹ múra, dígí fẹ́ ṣí."

Mi ò ní purọ́ fún yín pé kíá ló ṣe é. Ó dúró. Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ro bí ọ̀fun ṣe ń gbẹ ní ọ̀sán, ó ro oṣù mẹ́ta. Nígbà náà ló fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá Etí mú.

"Ọ̀gá, ẹ má ṣí i! Ẹ dákun, ẹ má ṣí dígí! Ìbíwùmí ni. Irọ́ ni mo pa."

Kò gbé ọwọ́ kúrò lára Etí.

"Irọ́ wo?" Bámgbàdé bi í.

"Méje ló wà ní àlàfo tèmi láàárọ̀ yìí, kì í ṣe mẹ́tàlá. Sìmẹ́ǹtì tí à ń fi rẹ́ sàréè lọ́dọọdún ló gba àyè. Èmi àti Màmá ti fọ́ ọ, ó ti pé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni n ò wọ̀n ọ́n, orí ni mo fi ń sọ ọ́."

"O mọ ohun tí ò ń sọ sára rẹ, Ìbíwùmí?" Ohùn rẹ̀ ti le. "O mọ̀ pé gbogbo ìlú ń retí dígí yìí? O mọ iye ọmọ tó wà nílẹ̀ ní Ihò Ìsàlẹ̀ báyìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá. Nítorí wọn ni. Sàréè mẹ́jọ ló kù lórí ìlà. Ẹ bi àwọn tó ni wọ́n. Ẹ má bi wọ́n pé mélòó, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn."

Páìpù ké díẹ̀, ó sún síwájú. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ọ̀jẹ́wálé gba inú Etí wọlé, ohùn náà rẹlẹ̀: "Ẹsẹ̀ Kejìdínlọ́gọ́ta. N ò wọ̀n ọ́n." Obìnrin kan tẹ̀lé e láti òkè lọ́hùn-ún: "Èmi náà. Ẹ forí jì mí." Òmíràn sọ̀rọ̀, òmíràn tún sọ. Ìbíwùmí ń kà á lọ́wọ́. Méje pé, ó ku ẹyọ kan, Ẹsẹ̀ Kẹtàlélọ́gọ́ta, kò sì rántí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

"Ẹsẹ̀ Kẹtàlélọ́gọ́ta," Bámgbàdé wí. Ó dúró. Ó wúkọ́. "Bàbá mi ló wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ tibẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a." Ó wá gbé ohùn sókè, ohùn olórí ló padà dà: "Pápá Dígí, ẹ má ṣí tuntun. Ẹ má ṣí i lónìí. Ẹ̀yin olùṣọ́, ẹ wọlé kúrò lóòrùn. Tí páìpù bá padà nírọ̀lẹ́, kí olúkúlùkù lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni rẹ̀ pẹ̀lú òòlù."

Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn ṣe rọ̀, ìró òòlù gba gbogbo ìlà náà kan. Ẹni tó ń lu sìmẹ́ǹtì ń lù ú, ẹni tó ń sunkún ń sunkún. Àlàfo tí wọ́n bá ní Ẹsẹ̀ Kejìdínlọ́gọ́ta kò ju ìka mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ. Ká ní wọ́n ṣí dígí ni, ibẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ ya.

Ṣùgbọ́n ọmọ kẹrin ti kú. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni, ní Ihò Ìsàlẹ̀, ọmọbìnrin oṣù márùn-ún. Ká ní dígí tuntun ṣí, bóyá ẹ̀rọ kejì ì bá ti fẹ́ atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ká ní olùṣọ́ mẹ́sàn-án wọn àlàfo wọn bó ṣe yẹ, dígí ì bá ti ṣí. Kò sẹ́ni tó nílò kó ṣàlàyé ìyẹn fún Ìbíwùmí.

Nídìí ẹ̀rọ omi, gbogbo ìlú tò. Bámgbàdé dúró síwájú, ó ka orúkọ àwọn tí òfin mú. Orúkọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kà. Ti Ìbíwùmí ló gbẹ̀yìn. Bí ó ṣe kà á ni ilà dúdú mẹ́ta tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ṣá, tí ó parẹ́ tán, kò dùn ún, ó kàn tutù díẹ̀ ni. Ìyá ọmọ tó kú wà lórí ìlà náà. Wàrà ti rin aṣọ rẹ̀ níwájú àyà. Ó wo Ìbíwùmí, Ìbíwùmí kò gbójú sá, kò sì bẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí ẹ̀bẹ̀ tó wọ̀n ọ́n. Obìnrin náà gba omi rẹ̀, ó kọjá lọ.

Ó kan Ìyá Ọlágbèmí. Ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kà á, ó tú ìwọ̀n ẹnì kan sínú ife dígí rẹ̀, ìka mẹ́fà gẹ́lẹ́. Sìmẹ́ǹtì ṣì wà nínú èékánná ìyá náà. Ó gba ife Ìbíwùmí lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra da omi sí i, ó ń wò ó bí ẹni tó ń da epo, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Ó na án sí i.

"Ìka mẹ́ta tèmi, ìka mẹ́ta tìrẹ," ó wí.

Ìbíwùmí gbà á lórí ìkúnlẹ̀. Òùngbẹ ti ń pa á láti ọ̀sán, ó gbé e sẹ́nu.

"Rárá, ìyàwó mi." Ìyá ọkọ rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, níbi tí àmì náà ti wà tẹ́lẹ̀. "Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n."

Ó gbé ife náà kúrò lẹ́nu. Ó to ìka mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n.